Kí N Tó Sanwó Páànù

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá mi lórí ibùsùn.
Ẹ̀gbẹ́ tí baálé mi ń sùn sí nígbà ayé rẹ̀ ló kọ́kọ́ kán sí,
ó wá bọ́ sí mi níwájú orí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo,
bí ẹni fi ìka jí mi.
Mo gbé ike, mo gbé garawa, mo gbé abọ́ ìfọṣọ.
Ilé Ìjọ̀kà ti darúgbó, èmi náà ò sì kéré.

Ẹnjiníà Ọlájubù ló kọ́kọ́ dé.
Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà tí kò mọ ẹrẹ̀.
Káàdì rẹ̀ ń dán: ó ń kanlé, ó ń gbẹ́ kànga,
ó ń kun ọ̀dà, ó sì ń báni wá físà.
Mo ka físà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.
Ó na fóònù sí mi: "Màmá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."
Òrùlé pupa, òrùlé aláwọ̀ ewé,
ọ̀kan wá rèé tó rẹwà ju ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ,
òkè gàgàrà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀,
orí òkè náà funfun bí ẹni da gààrí lé e.
Mo ní, "Níbo nìyí?"
Ó ní, "Ọ̀bà-Ilé ni, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú."
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì.
Mo mọ òkúta tó yí Àkúrẹ́ ká,
kò sí èyí tó dé fìlà funfun.
Mo dákẹ́. Mo ní kó fi fọ́tò náà sórí fóònù mi.
Ó fẹ́ gba owó páànù kó tó dìde,
ó ní tó bá di ọ̀la, ó ti gbówó lórí.
Mo ní kó jẹ́ kí n fi oorun kan lé e.

Síbẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ọ̀bà-Ilé,
kí n má baà pa irọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì ìpè gbà á wò,
ẹ̀rín gbé e ṣubú sórí bẹ́ńṣì:
"Màmá, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ iwájú ilé yìí.
Ṣé ẹ ti gba físà?"

Bàbá Akínṣuyì, ọmọ Oǹdó, kò ní káàdì.
Ó gun àjà mi, ó pẹ́ níbẹ̀,
ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú jàǹkárìwọ̀ lórí
àti ìṣó kan tó ti dípẹtà lọ́wọ́: "Èyí ló ń ṣe yín."
Mo bi í, ilé ta lẹ ti ṣe rí?
Ó dárúkọ méjì. Ó họrí, ó fi ẹ̀kẹta kún un:
"Ẹ dé ọ̀dọ̀ Màmá Olúwatúyì l'Ókè-Àró.
Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti já mọ́ mi lọ́wọ́."

Nílé méjì àkọ́kọ́, ìyìn ni mo gbọ́, mo ti gbàgbé rẹ̀.
Màmá Olúwatúyì ń yí kòkó lórí sìmẹ́ńtì,
kò dá ẹsẹ̀ dúró bó ṣe ń fèsì:
"Ó jò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jò! Ó ba àga ìjókòó mi jẹ́.
Mo bú u, mo bú ìyá tó bí i.
Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ ló dé, ó bọ́ bàtà sílẹ̀,
ó dúró láàrin pálọ̀ mi, ó gbójú sókè,
omi ń kán sí i lẹ́nu,
títí ó fi rí ojú ibi tó ti ń wọlé.
Sátidé, ó gbé ìṣó tirẹ̀ wá. Kò gba kọ́bọ̀.
Láti ìgbà náà, eji kan ò wọlé mi mọ́."
Ó pòṣé. "Ṣùgbọ́n àga yẹn, kò tíì san án.
Ẹ bá mi sọ fún un pé n ò gbàgbé."

Mo ra páànù fúnra mi ní Arákàlẹ̀,
mo fi ìka wò ó bó ṣe nípọn tó, mo gba rìsíìtì.
Mo ń kọ àdéhùn sínú ìwé eléwé ogójì nígbà tí fóònù dún:
"Màmá, páànù ti gbówó lórí o!"
Mo ní, "Òkè onífìlà funfun ńkọ́?"
Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Bàbá Akínṣuyì fi ìka tọ àdéhùn náà láti òkè délẹ̀:
ìdajì owó iṣẹ́ báyìí, ìdajì lẹ́yìn òjò mẹ́ta.
Ó dúró níbi ìlà tó kẹ́yìn,
ó ní, "Àga Màmá Olúwatúyì náà wà níbí?"
Mo ní ó wà níbẹ̀.
Ó họrí, jàǹkárìwọ̀ já bọ́,
ó ní kí n fún òun ní bírò.