Òkété Tó Lọ Ṣerun

Ọmọ mi Ìbídàpọ̀ ló gbé e wá láti Bódìjà
nínú páálí mílíìkì. Ó ní, "Bàámi, ẹ ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀."
Mo yọjú wo inú páálí: ojú méjì, imú kan,
ìyókù, irun ni.
Ìyá Ṣùbúọlá, aládùúgbò mi, bú sẹ́rìn-ín:
"Ṣé ajá nìyí, àbí òkété tó lọ ṣerun?"

Mo tẹ́ ìwé ìròyìn àná sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta,
ó wá lọ tọ̀ sínú bàtà tí mo fi ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì.
N kò nà án. Tíṣà ni mí fún ọdún márùndínlógójì,
n kò rántí ẹyọ kan tí ẹgba kọ́ ní ìṣirò.
Mo gbé e padà sórí ìwé: "Ibí ni."
Ibí ni. Ibí ni. Títí ahọ́n mi fi fẹ́ẹ̀ bó.

Lóru ọjọ́ kẹta òjò ṣú láti apá Ẹlẹ́yẹlé,
páànù ń ké, òun náà ń ké.
Mo ti búra pé kò ní wọ yàrá mi.
Ẹ má bi mí léèrè ìbúra.
Mo ṣí àpótí, mo mú ìró ìyá Ìbídàpọ̀
tí n kò lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀.
Ó fi ẹsẹ̀ wa á, wa á, bí ẹni ń wá nǹkan,
ó sùn.

Láàárọ̀ yìí, ìwé ìròyìn tutù ní igun kan.
Mo pariwo bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege.
Ìyá Ṣùbúọlá sáré jáde: "Kí ló dé?"
Mo ní, "Ó tọ̀!"
Ó wò mí tìtì.