Okùn Ẹgbàá Mítà

Agogo mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ní kí n tú okùn sílẹ̀.
Iṣẹ́ tèmi nìyẹn: mo tẹ bọ́tìnì, irin ń lọ.
Iná Sesimbra ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn wa
bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ẹ má wo omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ yìí o.
Abẹ́ ọkọ̀ wa gan-an ni ilẹ̀ ti là,
ọ̀gbun tí òkè ńlá lè sùn sí
kí ẹnikẹ́ni má rí ṣóńṣó orí rẹ̀.
Ogójì ọdún ni bàbá mi fi ju ìwọ̀ sínú rẹ̀,
ó ń fa ẹja dúdú gbọọrọ bí idà jáde,
kò fojú kan ilẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi kú.
Nígbà mìíràn òjé ìwọ̀ rẹ̀ á dúdú bọ̀ wálé,
á nù ún mọ́ ṣòkòtò, á ní:
"Zeferino, ilé onílé ni.
Mú èyí tí o rí, dúpẹ́, máa lọ."

Dókítà Iolanda kò gba ìyẹn.
Ó fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé.
Obìnrin kúkurú, okùn bàtà ló fi di irun,
kọfí tó wà níwájú rẹ̀ ti tutù láti àná.

A jókòó ti kámẹ́rà bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.
Ẹgbẹ̀ta mítà: òkùnkùn.
Ẹgbẹ̀rún: òkùnkùn tó bí òkùnkùn àkọ́kọ́.
Ohun funfun kan ń rọ̀, ń rọ̀, bí ìyẹ̀fun láti inú asẹ́,
òkú àwọn wẹ́wẹ́ tó gbé lókè,
oúnjẹ àwọn tó ń dúró nísàlẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ògiri.

Ògiri dúdú bí ìdí ìkòkò
tí a kò fọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.
"Máńgáníìsì," ni Dókítà wí,
ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.
Iyùn wà lára rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n sín sọ́rùn,
iyùn alààyè, tó yọ ẹ̀ka,
tó na gbogbo ìka rẹ̀ gba ohun tó ń rọ̀.
Kànìnkànìn kan dá dúró bí ife dígí,
alákàn kan jókòó sínú rẹ̀,
ó wo iná wa bí onílé ṣe ń wo agbowó-orí.

Apá róbọ́ọ̀tì nà. Ó di òkúta mú, òkúta kọ̀.
Ó tún dì í mú.
Lẹ́ẹ̀kẹta ó ya. A kò gbọ́ ariwo,
eruku nìkan ló gbéra bí èéfín.
Nígbà tí ojú mọ́lẹ̀ padà, alákàn ti lọ.

Wákàtí méjì ni mo fi ká okùn.
Òkúta náà kò ju ìṣù búrẹ́dì kan lọ.
Dókítà fi ayùn là á: ìlà lórí ìlà, bí àlùbọ́sà.
Ó ní mílíọ̀nù ọdún kan
ni èyí tó nípọn tó èékánná.
Mo wá ogójì ọdún bàbá mi nínú rẹ̀.
Kò tó ohun tí ojú ń rí.

Ọ̀gbẹ́ni Baltar, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ san ìdajì owó epo ọkọ̀,
tẹ̀ síwájú pẹ̀lú bàtà tó mọ́:
"Tọ́ọ̀nù mélòó ló kù níbẹ̀?"
Dókítà kò gbójú sókè.
Ó ń fi ẹ̀mú yọ aràn kan nínú ihò òkúta,
kò tó hóró ìrẹsì, ó ṣì ń yí.
Ó gbé e síwájú ọkùnrin náà nínú abọ́ omi tútù.
"Ẹ bi onílé," ó ní.

Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jẹun.
Dúdú náà kò kúrò.
Mílíọ̀nù ọdún ń bẹ lábẹ́ èékánná mi,
mo sì fi gé búrẹ́dì.