Ẹni Tó Di Ọ̀pá Mú

Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́,
bí oòrùn bá ti ń rọ̀ sẹ́yìn igi kajú ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì
ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n,
a ó ti fọ ẹsẹ̀ wa lẹ́nu kànga,
torí ìyá náà ò gbà kí erùpẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́
bá òun wo tẹlifíṣọ̀n.

Àpótí onígi ni, ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin bí ewúrẹ́,
ó nílẹ̀kùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì.
Bí o bá tàn án, yóò kọ́kọ́ ronú.
Yóò hó ṣààà bí òjò orí páànù,
kí ọkùnrin náà tó yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú kùrukùru,
tòun ti jìtá lórí itan.
“Ẹ fi ìka kejì síbí,” ni yóò wí.
“Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa iná orí.”

Èmi nìyẹn lórí ẹní,
pákó àpótí ọṣẹ lórí itan mi,
okùn ìpẹja mẹ́rin, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ méjì.
Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà ni mò ń gbé tèmi sí,
bí ẹni ń wo dígí.
N ò mọ̀ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mò ń fi ọ̀tún kọ́.
Títí dòní, òdì ni mo ń ta á.
Wọ́n ní a kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni;
wọn ò dárúkọ jìtá.

Ṣùgbọ́n Oyèkànmí ò sí lórí ẹní.
Oyèkànmí wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ó di ọ̀pá ọparun tí áńtẹ́nà wà lórí rẹ̀ mú.
Òun ló ga jù nínú wa, òun náà ló gbọ́ràn jù,
ẹ̀sùn méjèèjì la fi dá a lẹ́bi.

“Ṣó ti mọ́?”
“Yí i sí ọ̀nà Ìbàdàn díẹ̀!”
“Ṣó ti mọ́ báyìí?”
“Ó ti mọ́! Má mí!”

Kò sì ní mí.
Eèrà a gun itan rẹ̀, ẹ̀fọn a jẹun yó lọ́rùn rẹ̀,
kí ìka olùkọ́ má baà di kòkòrò lójú wa.
Kò rí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.
Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà nírùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ tí a dé ẹ̀kọ́ keje,
NẸ́PÀ mú iná lọ láàárín gbólóhùn:
“Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé—”
Òkùnkùn. Ìyá Nọ́ọ̀sì pòṣé, ó ṣáná sí ìṣáná.
Àwa tí a rí i ń jiyàn
lórí ohun tó ṣe pàtàkì.
Ìgbà náà la gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.
Oyèkànmí ti gbé pákó tirẹ̀,
ó mú un láti ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, kò kọsẹ̀,
ó dé ìkeje, ó gbà á kọjá
bí ẹni pé inú ọ̀pá ni wọ́n ti ń sọ ìyókù fún un.
Ìṣáná jó Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ọdún yẹn ló tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì,
bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń lọ, tàwọn ti ẹrù aṣọ.
Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé.
Ó ní tẹlifíṣọ̀n wà nílé àwọn níbẹ̀,
ó mọ́ kedere, ẹnìkan ò di nǹkan kan mú.
“Àmọ́ n kì í gbọ́ ọ dáadáa,” ó kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìntì. Mo ti ra jìtá gidi.
Bí mo bá ta á dé ẹ̀kọ́ kẹfà,
ọwọ́ mi a dúró fúnra rẹ̀,
ojú mi a lọ sí fèrèsé.
“Ó ti mọ́,” ni mo máa ń wí.
“Ó ti mọ́, Oyèkànmí. O lè mí.”