Ọgọ́rin Nínú Ọgọ́rùn-ún

Igi óákù ni mo rí tí mo fi tọwọ́ bọ̀wé.
Besnik, olùtọ́jú ilé, ṣí ilẹ̀kùn àjà kẹrin,
oòrùn Bronx ti ojú fèrèsé wọlé,
ó nà gbalaja lórí pákó bí ológbò tó yó.
Mo bọ́ bàtà. Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ kí ilẹ̀.
"Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún," Besnik wí,
"èmi fúnra mi ni mo fá a, tí mo fi òróró pa á."
Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lóṣù, ó dín díẹ̀.
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì òru, níbo ni yóò ti rí i?
Mo ní mo gbà, kí n tó mọ ohun tí mo gbà.

Ojú ìwé kẹtàlá, lẹ́tà wínníwínní bí ẹyin èèrà:
ayálégbé gbọ́dọ̀ fi rọ́ọ̀gì bo
ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀.
Ẹ gbà mí o.
Ta ní ń fẹ́ arẹwà tí í da àpò bò ó lójú?
Mo sanwó igi, mo ń rìn lórí òwú.
Rọ́ọ̀gì aláwọ̀ eérú, ti ẹ̀dínwó, láti òpópónà Fordham,
ẹ̀gbọ́n mi Wilfredo ló bá mi gbé e gun àtẹ̀gùn.
Ó bú ìran mi títí a fi dókè,
ó gbàgbé pé ìran rẹ̀ náà ni.

Síbẹ̀, pákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná
tí kò mọ ìdákẹ́ jẹ́.
Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láago méjì òru, á ní kẹ́ẹ̀ẹ̀n,
ọ̀pá ìgbálẹ̀ á sì dáhùn nísàlẹ̀: kó, kó.
Ojú tì mí. Mo fi rọ́ọ̀gì bò ó,
mo tún ń fò ó bí ẹni ń fo ẹrọ̀fọ̀.
Oṣù mẹ́ta. N ò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá ò dún.

Níjọ́ kan, nídìí àpótí lẹ́tà,
arúgbó kan gbé páálí mílíìkì dání,
ó ní, "Ìwọ ni ti òkè?"
Ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu mi.
Ìyáàfin Feigenbaum mirí.
"Ọ̀gbẹ́ni Tannenholz, tó wà níbẹ̀ kí o tó dé,
bó bá wọlé, á tẹ pákó yẹn, èmi á kàn án lẹ́ẹ̀mejì:
ó ti dé, mo ti gbọ́, ká lọ sùn.
Ọdún mẹ́rìndínlógún.
Ìwọ náà dé, o tẹ̀ ẹ́, mo ní ó kúkú dáa.
Kí ló dé tí o dákẹ́?"

Mílíìkì yẹn nìkan ni mo rí wò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo mú okùn ìwọ̀n, mo kúnlẹ̀,
mo wọn iyàrá láti ògiri dé ògiri.
Ọgọ́rin, wọ́n ti gbà á. Ogún ló kù fún mi.
Mo ká rọ́ọ̀gì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìdáná.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Yìnyín ti rin ìbọ̀sẹ̀ mi.
Kẹ́ẹ̀ẹ̀n.
Mo dúró.