Àmù Inú Òkè

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lu ihò kankan,
ìṣó kan ṣoṣo pàápàá, wọn ò gbà.
Ersilia, awalẹ̀pìtàn, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri
bí ẹni tí ń wo ibà lára ọmọ:
"Ẹgbàá ọdún ni sìmẹ́ǹtì yìí ti ń mí.
Ṣe iṣẹ́ iná rẹ, Oreste,
ṣùgbọ́n má dá egbò sí i lára."

Ni mo bá gbé àtùpà lé ẹsẹ̀ irin,
mo na wáyà sílẹ̀ gbọọrọ bí ejò tó yó,
láti òpó dé òpó, ogún òpó,
nínú àmù tí àwọn ará Róòmù gbẹ́ sínú òkè wa,
òkè tó kọjú sí Òkun Adiriátíìkì,
kí òùngbẹ má baà gbẹ ìlú.

Omi ti lọ tipẹ́.
Wáìnì gba ipò omi, wàràkàṣì gba ipò wáìnì,
ti bàbá Settimio, tí imú gbogbo àdúgbò mọ̀.
Láàárín wáìnì àti wàràkàṣì, èèyàn ló kún ibẹ̀:
ogójì òru ni bàbá mi àgbà fi sùn níhìn-ín
nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ sí èbúté.

Lẹ́yìn òpó kẹtàlá, níbi èjìká ẹni tó jókòó,
ọwọ́ mi kan ilà. Tín-ín-rín, tín-ín-rín,
ogójì ó dín kan.
Ìṣó ló fi fà wọ́n.
Òru tó gbẹ̀yìn, ó jọ pé ẹsẹ̀ ló fi kà á.
Mo yí àtùpà kúrò níbẹ̀.
Mo tún yí i padà.
N kò sọ fún Ersilia.

Ọjọ́ ìṣíde, Settimio fi igi ọwọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀:
"Ẹ sọ àmù di gbọ̀ngán orin!
Tó bá di oṣù kẹjọ,
ikọ́ gbígbẹ ni ẹ̀rọ omi ilé mi ń wú.
Ṣé orin ni n ó fi fọ àwo?"
Olórí ìlú rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo aago.
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn
àfi gbohùngbohùn:
fọ àwo, àwo, wo.

Fiammetta, ọmọ oníbúrẹ́dì, gbé fayolíìnì,
ó fa ohùn kan péré.
Ohùn náà rìn lọ sí ìdí àmù,
ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn,
ó sì padà dé tòun ti èrò lẹ́yìn.
N kò mọ orin. Iná ni mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n irun apá mi dìde.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kán omi kan já láti àjà,
tó! lórí fìlà Settimio.
Ó bọ́ fìlà, ó tẹjú mọ́ ọn, ó lá ìka rẹ̀.
"Omi tí èèyàn yóò mu," ó ní,
kò parí òwe náà. Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti gòkè lọ,
mo bá Ersilia lẹ́yìn òpó kẹtàlá,
ìka rẹ̀ lórí ilà, ètè rẹ̀ ń mì.
Kò bi mí ní nǹkan kan.
Mo dúró
títí ó fi dé mọ́kàndínlógójì,
kí n tó pa iná.