Ọ̀pá Ìwọ̀ Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn

Ààbọ̀ owó oṣù ló dé. Mo pín in sọ́nà mẹ́ta:
gàrí, owó ilé-ìwé Ìlésanmí, gbèsè oògùn ibà.
Èyí tó ṣẹ́kù kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ méjì gbà.
Òun ni mo dì mọ́ etí ṣòkòtò
tí mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù Mẹ́dayésè ní Ìsánlú,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà.

"Okun o," mo ní. "Okun," ó ní, kò gbójú sókè.
Mo ní ọ̀pá ìwọ̀ ni mo wá rà,
èyí tó lè fa àrọ̀ jáde nínú omi
tí kò sì ní fa èmi náà wọ gbèsè.

Ó kọ́kọ́ yọ ọ̀kan nínú ọ̀rá,
dúdú, tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó,
tó ń wọnú ara rẹ̀ bí ọrùn ìjàpá,
tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà ń ké kirikiri.
Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà.
Mo rọra dá a padà
bí ẹni tó ṣèèṣì gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Èkejì fúyẹ́. Ó fúyẹ́ jù.
Mo mí, ṣóńṣó rẹ̀ gbọ̀n.
Ó dára fún ẹja wẹ́wẹ́ tó ń tọ́ ìdẹ wò,
àmọ́ àrọ̀ kì í tọ́ nǹkan wò.
Àrọ̀ a gbé e mì, a yí orí padà,
a sá wọ abẹ́ gbòǹgbò bí onígbèsè tó rí ológò.
Ibẹ̀ la ti ń mọ ọ̀pá.

"Bó bá ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, o ti rà á nìyẹn,"
Mẹ́dayésè ní, ojú rẹ̀ ń bẹ lára fóònù.

Mo rántí bàbá mi.
Kò fowó ra ọ̀pá rí láyé rẹ̀.
Ọparun ni, tó fi há àjà lókè iná
títí èéfín fi sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú.
"Má wo ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀," a máa ní,
"tẹ ìdí rẹ̀. Ìdí ni ọwọ́ ń bá ṣàìsùn."
Ọparun ti tán létí odò Oyi báyìí,
àwọn tó ń kọ́lé ti gé e fi ti pẹ́tẹ́ẹ̀sì.

Mo ní, "Kí ló wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó fà á jáde, tòun ti jànkáriwọ̀.
Ó kúrú, ó nípọn, ibi ìdìmú rẹ̀ ti bó,
kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò lọ́wọ́ mọ́.
Mo tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbára lé e:
ó tẹ̀, ó tẹ̀, ó dúró,
ó dá mi padà sórí ẹsẹ̀ mi.

Ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mo ní méjì.
Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ. Ó pè mí padà.
A parí rẹ̀ sí mẹ́ta àbọ̀.
Ọmọ tó ń lẹ táyà tẹ sípóòkù kẹ̀kẹ́ ológeere kan,
ó fi ṣe ọwọ́ fún un, kò gba kọ́bọ̀.
Mo fi ìyókù ra okùn tó nípọn,
nítorí okùn tínrín lórí ọ̀pá gidi,
ilé onílẹ̀kùn irin tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ewé ni.

Moróunmúbọ̀ aya mi wò ó títí.
"Ẹja wo ló máa gbà kí nǹkan yìí fa òun?"
Mi ò fèsì. Mo lọ wa ekòló lẹ́yìn ilé ìwẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá báyìí.
Odò Oyi dúdú bí àdín,
òjò àná ti rú u, bí àrọ̀ ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.
Mo jókòó lórí àpáta, ìdí ọ̀pá lábẹ́ apá mi.
Ẹ̀fọn ń gba owó orí lọ́rùn mi.
Okùn dúró jẹ́ẹ́,
ó tún dúró,
àfi bí nǹkan kan nísàlẹ̀ ṣe yí orí padà
tí ìdí ọ̀pá gún mi níhà.
Kì í ṣe ẹja tó ń tọ́ nǹkan wò.