Ẹ Rọra Pa Á, Ṣùgbọ́n Ẹ Pa Á

Èmi Àjàdí, ọmọ Ọ̀fà, atún-jẹnẹrétọ̀-ṣe ní Nyanya,
ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń jẹun lẹ́nu ẹ̀rọ:
ó ń pariwo, mo ń jẹun;
ó dákẹ́, mo tún jẹun jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Nítorí náà ẹ má wò mí bí ẹni tó kórìíra epo.
Èékánná mi dúdú. Ọṣẹ bá a jà títí, ó rẹ ọṣẹ.
Ìyàwó mi ní òun lè fi imú dá mi mọ̀ nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ Àpáta Asó,
níbi tí mo jókòó sí, a kì í rí àpáta yín.
Èéfín àwọn mọ́tò tó tò láti Máràbá ló dí i.
Ẹ̀yin náà ń lo ẹ̀rọ, mo mọ̀;
tiyín kàn tóbi tó ilé ni,
ẹ sì mọ ògiri yí i ká kí ó má baà dí yín létí.

Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́,
Bitrus, ọmọ Gbagyi tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi,
gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé nítorí olè,
ó ti fèrèsé nítorí òtútù.
Ilẹ̀ mọ́. Èjìká la fi ṣí ilẹ̀kùn.
Ẹ̀rọ ti dákẹ́, epo ti tán nínú rẹ̀.
Èmi ni mo tún ẹ̀rọ yẹn ṣe.
Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Oòrùn wà lókè,
òórùn wà nínú yàrá,
oorun gbé ọmọ lọ.
Ahọ́n mi mọ bí wọ́n ṣe yàtọ̀.
Ẹ̀yin ńkọ́?

Mo bẹ̀ yín, ẹ pa iná epo yìí.
Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé.

Tanimu ń wa tánkà láti Suleja lọ sí Sókótó:
ọmọ méje, ìyá arúgbó kan, gbèsè táyà mẹ́rin.
Lọ́jọ́ tí ẹ yọ owó ìrànwọ́ orí epo,
a gbọ́ ọ nínú rédíò láàárọ̀;
kó tó di ọ̀sán, owó ọkọ̀ dé Wúsè ti fò kọjá orí wa.
Ẹ ní a ó jàǹfààní rẹ̀ lọ́la.
Ọ̀la ọ̀hún ti di àná.
Ẹ má tún ṣe é báyẹn.
A kì í gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú ká tó na ọwọ́ sí i.
Ẹ kọ́ Tanimu níṣẹ́ mìíràn kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀,
kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró nígbà tó bá ń kọ́ ọ.
Ẹ kọ́ èmi náà. Mo ti ń súnmọ́ ọgọ́ta,
ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì mọ wáyà.
Àwọn ará etí òkun tí ẹ ti ń fa epo yẹn wá,
mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí,
ẹ fọ omi wọn fún wọn kí ẹ tó kó irin yín nílẹ̀.
Kí ẹ sì dá ọjọ́ sí i.
Gbèsè tí a kò dá ọjọ́ fún, ẹ̀bùn ló ń dà.
Ẹ̀sọ̀ ni mo ní kí ẹ fi ṣe é,
mi ò ní kí ẹ sùn.

Mo dé abúlé kan lẹ́yìn Kújé lóṣù tó kọjá.
Lórí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí wọn,
àwo dúdú mẹ́rin kọjú sí oòrùn.
Asabe, agbẹ̀bí ibẹ̀, ní òun ti gbẹ̀bí ọmọ mọ́kànlá lóru
láìfi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.
Mo dúró, mo ń wá ariwo. Kò sí.
Etí mi ń hó bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò.
Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, kí n má purọ́:
kí lèmi yóò wá máa tún ṣe?
Ìgbà tí mo tún gbójú sókè,
mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn wáyà rẹ̀ ti já.
Mo ní kí wọ́n gbé àkàbà wá.